Ẹ Bi Wá: Frederik Stang, Olórí Ìjọba Norway Tó Fẹ́ Ojú Irin Ṣùgbọ́n Tí Kò Fẹ́ Kí Ilé Aṣòfin Borí Ọba

Nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù tó kọjá, a kọ ọ̀rọ̀ ṣókí nípa Frederik Stang, ẹni tó darí ìjọba Norway láti 1861 títí di 1880. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e láti Àkúrẹ́, Oǹdó àti agbègbè wọn pọ̀ gan-an. A ti pa àwọn tó jọra pọ̀. Àwọn kan gba àlàyé gígùn, gbólóhùn díẹ̀ sì tó fún àwọn mìíràn.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ pe Stang ní olóṣèlú tó di ètò àtijọ́ mú, ẹ tún ní òun ló wà nídìí ojú irin àkọ́kọ́ ní Norway. Báwo ni méjèèjì ṣe bára mu? Ẹ jọ̀ọ́, níbo ló ti wá? Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Òdòjọ̀mù, Oǹdó.

Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1808 ni wọ́n bí Stang, ní Stokke ní ẹkùn Vestfold, ṣùgbọ́n Bergen ló ti dàgbà. Òfin ló kà ní yunifásítì Christiania, ìlú tí gbogbo ayé ń pè ní Oslo lónìí. Ní 1833, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 25, ó tẹ ìwé jáde lórí òfin ìpilẹ̀ Norway, èyí tí wọ́n ṣe ní Eidsvoll ní 1814. Ẹ fi ìwé yẹn sọ́kàn, torí pé orí òfin ìpilẹ̀ yìí kan náà ni ìjọba rẹ̀ padà ṣubú sí. Lẹ́yìn ìwé náà ló di agbẹjọ́rò níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, orúkọ rẹ̀ sì kàn.

Norway ìgbà náà kò tíì dá dúró tán. Láti 1814 títí di 1905, ọba kan ṣoṣo ló ń jẹ lórí òun àti Sweden, Stockholm ni ọba sì ń gbé. Ṣùgbọ́n Norway ní òfin tirẹ̀, ó ní ilé aṣòfin tí wọ́n ń pè ní Storting, ó sì ní àwọn mínísítà tirẹ̀. Ọba ló ń yan mínísítà. Láàárín adájọ́, agbẹjọ́rò àti àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba ló ti ń ṣà wọ́n, àwọn ìdílé díẹ̀ tó mọra wọn, tí wọ́n jọ lọ sí yunifásítì kan náà. Àárín wọn ni Stang wà.

Ní 1845 ó wọ ìjọba, wọ́n sì fà iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé lé e lọ́wọ́: ọ̀nà, ìfìwéránṣẹ́, òwò, iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Abẹ́ rẹ̀ ni òfin ọ̀nà tuntun ti jáde ní 1851. Abẹ́ rẹ̀ náà ni ojú irin àkọ́kọ́, èyí tó lọ láti Christiania dé Eidsvoll, ti parí. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 68. Àìsàn ló lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún yẹn. Ó kù díẹ̀ kí èso mìíràn já: ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1855, wáyà tí ìjọba fi ń ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Christiania àti Drammen, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni sítáǹpù àkọ́kọ́ ti Norway jáde. Owó rẹ̀ jẹ́ skilling 4. Nígbà tí Norway gba owó kroner ní 1875, ní ìgbà tí Stang jẹ́ olórí ìjọba, skilling 120 ló ń ṣe kroner 4, nítorí náà sítáǹpù yẹn kò ju øre 13 àti díẹ̀ lọ (øre 100 ló ń ṣe kroner kan).

Ibi tí méjèèjì ti bára mu nìyí: Stang fẹ́ kí ọ̀nà yí padà, kí owó yí padà, kí òwò gbòòrò. Ohun tí kò fẹ́ kó yí padà ni ẹni tó ń pàṣẹ. Ó gbà pé ọba àti àwọn mínísítà tó kàwé ni kí ó máa darí, kí Storting máa ṣòfin, kí wọ́n sì máa ṣọ́ àpò owó. Ẹni tó bá pe irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀tá ìlọsíwájú kò tíì kà á dáadáa.

Pákó ni mò ń tà. Mo rí i nínú ọ̀rọ̀ yín pé torí gẹdú ni wọ́n ṣe ṣe ojú irin yẹn. Ẹ ṣàlàyé bó ṣe rí fún wa. Ṣé ojú irin wọn bá tiwa tó gba Ìbàdàn àti Òṣogbo kọjá mu? Oníṣòwò kan, Àkúrẹ́.

Òótọ́ ni. Ní àríwá Christiania, adágún omi ńlá kan wà tó ń jẹ́ Mjøsa, igbó àti oko sì yí i ká. Ọkọ̀ ojú omi lè kó ẹrù lórí adágún náà, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé etíkun, ẹṣin ló ń fa gbogbo rẹ̀. Nígbà òtútù, tí yìnyín bá bo ilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Romerike a di pákó sórí ohun ìwọ́rù tó ń yọ̀ lórí yìnyín, wọn a sì kó o lọ sí Christiania. Owó gidi ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Tí yìnyín kò bá pọ̀ lọ́dún kan, tàbí tó bá tètè yọ́, ẹrù a há. Ojú irin mú ìyẹn kúrò. Ó tún mú oúnjẹ kúrò lẹ́nu àwọn tó ń fi ẹṣin kó pákó, kò sì sí ẹni tó san ohunkóhun fún wọn. Ṣùgbọ́n ní Lillestrøm, tó wà lójú irin náà, ilé ìlagi tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ gbèrú, pàápàá lẹ́yìn 1860, nígbà tí òfin tó fi ìlagi sọ́wọ́ àwọn olówó díẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Norway kò ní in. Ìdajì ti Bìrìtìkó ti wá. Ìjọba Norway àti àwọn ará ìlú ló pín ìdajì yòókù. Robert Stephenson, ọmọ George Stephenson, ló jẹ́ ẹnjiníà àgbà. Àdéhùn yẹn ṣe Norway lóore torí pé ojú irin dé kíá, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọwọ́ àjèjì wà nínú rẹ̀ pẹ́ títí. Ọdún 1926 ni ìjọba tó gbà á tán.

Nípa fífẹ̀ rẹ̀, ojú irin Eidsvoll yẹn jẹ́ mìlímítà 1435 láàárín irin méjèèjì. Nígbà tí Stang padà sí ìjọba ní 1861, tó di aṣáájú àwọn mínísítà, ẹnjiníà Carl Abraham Pihl ló ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n lo mìlímítà 1067 fún àwọn tó kù. Ọ̀nà Hamar lọ sí Grundset ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún, ní 1862. Oníṣòwò wa, ìwọ̀n 1067 yìí gan-an ni ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1901. Ìdí kan náà ló wà níbẹ̀. Irin rẹ̀ fúyẹ́, kò náni lówó púpọ̀, ó sì lè yí kọ́ńkọ́ńkọ́ bí òkè bá dí ọ̀nà, kó má di dandan pé kí èèyàn gbẹ́ ihò gba inú àpáta kọjá.

Wàhálà rẹ̀ máa ń yọjú níbi tí ìwọ̀n méjèèjì bá ti pàdé. Ọ̀nà tóóró dé Trondheim láti Hamar ní 1877. Ní 1880, ọ̀nà fífẹ̀ láti Eidsvoll dé Hamar. Láti ọjọ́ yẹn, ẹrù tó bá ń ti Christiania lọ sí Trondheim gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Hamar, kí wọ́n tún un dì sínú ọkọ̀ mìíràn, torí pé àgbá ọkọ̀ kan kò lè gun irin èkejì. Ẹni tó bá ń ta pákó mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ: owó alábàárù lẹ́ẹ̀mejì, àkókò tó ṣòfò, pákó tó fọ́ létí. Ó pọ̀ díẹ̀ ju 60 ọdún kí wọ́n tó fẹ ọ̀nà Hamar sí Støren, tó wà lójú ọ̀nà Trondheim, tán. Owó tí wọ́n rò pé àwọn tọ́jú lọ́dún 1862 ni àwọn ọmọ wọn padà san.

Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ẹ ní àbádòfin tó kàn sọ pé kí mínísítà lè wọ ilé aṣòfin ló dá gbogbo ìjà yẹn sílẹ̀. Kí ló burú nínú kí mínísítà wọlé wá sọ̀rọ̀? Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀bà-Ilé.

Orí ìbéèrè rẹ ni gbogbo ìtàn Stang dúró lé, nítorí náà jẹ́ ká fara balẹ̀.

Òfin 1814 ya àwọn mínísítà sọ́tọ̀ kúrò lára Storting. Mínísítà kì í jókòó níbẹ̀, kì í sì í wọlé bá wọn jiyàn. Ìwé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Bí aṣòfin kan bá fẹ́ mọ ìdí tí owó afárá kan fi lọ sókè, ìwé yóò lọ, ìwé yóò bọ̀, kò sí ẹni tó máa dìde tẹ̀ lé èsì náà ní ojúkojú. Nígbà àkọ́kọ́, ìjọba ló fẹ́ kí mínísítà máa wọlé, Storting ni kò gbà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn yóò fi ọ̀rọ̀ dídùn yí àwọn àgbẹ̀ lọ́kàn. Stang fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó rí i bí ohun tó dára nígbà náà.

Ohun tó yí i padà ni pé títí di ìgbà yẹn, Storting kì í jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún mẹ́ta. Ní 1869 wọ́n pinnu pé àwọn yóò máa jókòó lọ́dọọdún, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1871. Wò ó báyìí: bí mínísítà bá ń wọlé lọ́dọọdún, tí wọ́n ń bi í léèrè lọ́dọọdún, èyí tí ọ̀pọ̀ aṣòfin bá kọ̀ kò ní lè dúró pẹ́. Díẹ̀díẹ̀, Storting ni yóò máa pinnu ẹni tó ń ṣèjọba, ọba a kàn máa fọwọ́ sí i. Stang rí ìyẹn kedere. Johan Sverdrup, aṣáájú àwọn tó dojú kọ ọ́ ní Storting, rí i bákan náà, ìdí nìyẹn tó fi ń lépa rẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì kà nínú àbádòfin yẹn. Ọ̀kan pè é ní ìparun òfin 1814, èkejì pè é ní ìmúṣẹ rẹ̀.

Ní 1872 Storting fọwọ́ sí àtúnṣe náà. Àwọn mínísítà gba Ọba Karl XV nímọ̀ràn pé kó kọ̀ ọ́, ó sì kọ̀ ọ́. Ole Jacob Broch, onímọ̀ ìṣirò tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun ojú omi, fi ipò sílẹ̀ torí ẹ̀. Storting dìbò pé àwọn kò gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba Stang mọ́, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kó lọ, kò sì lọ. Ní 1873, Ọba Oscar II, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jọba, fagi lé ipò gómìnà tí ọba máa ń yàn sí Christiania, Stang sì di olórí àwọn mínísítà ní orúkọ àti ní iṣẹ́. Ní 1874 ìjọba gbé tirẹ̀ wá: kí mínísítà wọlé, ṣùgbọ́n kí ọba náà ní agbára láti tú Storting ká kí wọ́n lọ dìbò tuntun. Storting ò gbà. Títí dòní, kò sí ẹni tó lè tú Storting ká kí ọdún mẹ́rin rẹ̀ tó pé.

Ibi tí òfin ti wá di kókó nìyí. Abala 79 nínú òfin 1814 sọ pé bí ọba bá kọ àbádòfin lásán, tí Storting sì fọwọ́ sí i nígbà mẹ́ta, tí ìbò tuntun wà láàárín, ó di òfin bí ọba fẹ́ bí ó kọ̀. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà pa oyè ìdílé ọlọ́lá rẹ́: 1815, 1818, 1821. Abala 112 ìgbà náà ló sọ bí a ṣe ń tún òfin ìpilẹ̀ ṣe: kí wọ́n gbé e wá ní Storting kan, kí Storting tó tẹ̀ lé ìbò tuntun pinnu, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbà. Abala yẹn kò dárúkọ ọba rárá. Nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà túmọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní ọba kò ní ohùn kankan níbẹ̀. Àwọn kan ní ó lè dá a dúró títí di ẹ̀ẹ̀kẹta, bíi ti òfin lásán. Ìjọba Stang ní bí ọba bá kọ̀, ó parí, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní yunifásítì sì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn náà.

Storting tún fọwọ́ sí i ní 1874, 1877, àti ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1880, nígbà tí ìbò jẹ́ 93 sí 20. Ọba kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, Storting kéde pé òfin ti dúró, ọba ì báà kọ̀. Ìbò ọjọ́ yẹn jẹ́ 74 sí 40. Akẹ́kọ̀ọ́ wa, fi àwọn iye yẹn wé ara wọn. Àwọn tó fẹ́ kí mínísítà wọlé pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bí i 20 nínú wọn kò ṣe tán láti fò kọjá orí ọba. Àwọn yẹn ni Stang ì bá ti wá bí ó bá ti gbà láti fi díẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí àyè ṣì wà. Ní tiwa, ojú tó fi wo ewu náà ríran dáadáa. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ìfọwọ́sí ọba nìkan ló fi ṣe odi, odi náà kò sì ní ẹ̀yìn.

Ṣé wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n? Òǹkàwé, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.

Rárá. Stang fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1880, Christian August Selmer sì rọ́pò rẹ̀. Ní 1882 ìbò gbogbogbòò gbé àwọn alátìlẹ́yìn Sverdrup wọlé: ìjókòó 83 nínú 114. Wọ́n pe Selmer àti gbogbo ìgbìmọ̀ mínísítà rẹ̀ lẹ́jọ́ ìyọnípò. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni: pé wọ́n gba ọba nímọ̀ràn láti kọ àtúnṣe yẹn, pé wọ́n dá owó tí Storting fọwọ́ sí fún ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú tó ń kọ́ ìbọn yíyìn dúró, àti pé wọn kò jẹ́ kí àwọn tí Storting yàn wọ ìgbìmọ̀ àbójútó ojú irin. Ojú irin náà tún nìyẹn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1884, ilé ẹjọ́ ní kí Selmer kúrò nípò. Àwọn méje mìíràn bá a lọ, àwọn mẹ́ta tó kù san owó ìtanràn. Ìjọba Christian Schweigaard tẹ̀ lé e, kò lò tó oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, ọba gbà, ó fi Sverdrup ṣe olórí ìjọba. Stang kò rí i. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ló kú, ọjọ́ 18 ṣáájú. Ní ọdún yẹn kan náà ni àyè ṣí fún mínísítà láti wọ Storting, tòun ti ìfọwọ́sí ọba.

Ṣé irú ìjà yìí lè ṣẹlẹ̀ ní Àlàgbàkà, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó wà? Kọmíṣọ́nnà wa ńkọ́, ṣé ó lè kọ̀ láti wá bí ilé aṣòfin bá pè é? Òǹkàwé, Òkè-Ìjẹ̀bù, Àkúrẹ́.

Lórí Kọmíṣọ́nnà, abala 108 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti parí ọ̀rọ̀: bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá pè é láti wá ṣàlàyé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá. Kì í ṣe ọmọ ilé, kì í dìbò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Ohun tí Storting jà fún láti 1872 dé 1884 nìyẹn, ìlà díẹ̀ péré ni nínú òfin tiwa.

Lórí òfin lásán, Gómìnà ní 30 ọjọ́ láti fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé bá tún gbà á, ó di òfin. Ilé Aṣòfin Oǹdó ní ọmọ ilé 26, nítorí náà ohùn 18 ló gbọ́dọ̀ jáde. Kò sí dídúró de ìbò mẹ́ta bíi ti Norway.

Ṣùgbọ́n bí ó bá di àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ẹ wo abala 9. Ó ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì ní Àbújá gbà, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì fọwọ́ sí i. Kò dárúkọ ìfọwọ́sí Ààrẹ, gẹ́gẹ́ bí abala 112 ti Norway ìgbà náà kò ṣe dárúkọ ọba. Ìjà kan náà sì bẹ́ sílẹ̀. Ní 2010 ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ pé ìfọwọ́sí Ààrẹ pọn dandan, Ààrẹ Jonathan sì fọwọ́ sí àtúnṣe ìgbà náà ní 2011. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015 ó kọ̀ láti fọwọ́ sí òmíràn, àtúnṣe náà kò sì di òfin. Ẹni tó bá ń ṣojú wa ní Àbújá yẹ kó lè sọ fún wa ìdí tí wọn kò fi tíì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sínú abala 9, yálà Ààrẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀.

Mo rí Emil Stang níbì kan, wọ́n ní òun náà jẹ́ olórí ìjọba. Ṣé ẹni kan náà ni? Òǹkàwé, Oǹdó.

Ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n bí Emil ní 1834. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú Høyre sílẹ̀ ní 1884, òun ni olórí àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tó gbà dé ipò yàtọ̀ sí ti baba rẹ̀ pátápátá: ní 1889 ó gbé àbá wá sí Storting pé kí wọ́n kéde pé àwọn kò gbẹ́kẹ̀ lé Sverdrup mọ́, Sverdrup sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí wọ́n tó dìbò. Emil ṣe olórí ìjọba láti 1889 dé 1891, ó tún ṣe é láti 1893 dé 1895. Ẹ ṣọ́ra fún Emil mìíràn: ọmọ rẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lọ bá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó sì di adájọ́ àgbà Norway láti 1946 títí di 1952.